Yí I Padà Kí O Tó Sọ̀rọ̀: Àríwísí Láàárín Àwa Tí À Ń Ṣe Kàtápọ́ọ̀tù

Ọmọkùnrin kan tó ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Ẹ̀pẹ́ gbé kàtápọ́ọ̀tù tuntun jáde lọ́sàn-án Sátidé kan. Ó ti fi fáníìsì kùn ún, ó ń dán bí ara ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé Ọjà Olúwo. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ta òkúta mẹ́ta sí agolo mílíìkì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gba ẹ̀gbẹ́ òsì kọjá. Ló bá ní, "Èyí ò dáa jàre. Ó wọ́." Oníṣẹ́ ní irọ́ ni, ọwọ́ ẹni tó ta á ló wọ́. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n fi ẹ̀ṣẹ́ yanjú ẹ̀.

Mo gbà á, mo yí i po, ojú tó kọ sí iwájú di ẹ̀yìn, rọ́bà tó wà lápá òsì bọ́ sí ọ̀tún. Mo ní kí ọ̀rẹ́ náà tún ta mẹ́ta. Òsì náà ni gbogbo rẹ̀ tún gbà. Ọwọ́ rẹ̀ ni o. Ká ní rọ́bà méjèèjì ni kò dọ́gba ni, òkúta ì bá ti yà sí ọ̀tún lẹ́yìn tí mo yí i. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín.

Látọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí pé oríire ń bẹ lára iṣẹ́ wa ju iṣẹ́ ọwọ́ míì lọ. Bí ẹnì kan bá ní aṣọ tó o rán kò wuyì, ta ni yóò ṣe adájọ́? Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àríwísí tí wọ́n ń sọ sí kàtápọ́ọ̀tù la lè dán wò lójú ẹsẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá tíì dán wò, má sọ ọ́ síta, má sì tíì gbà á sínú.

Níbi tí mo dàgbà sí, rọ́bà là ń pe gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Kó má bàa dà rú, níbí yìí, pàlàkà ni igi tó yà sí méjì, rọ́bà ni ohun tí à ń fà, awọ ni ibi tí òkúta ń jókòó sí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: fi ọwọ́ wá àbùkù kó o tó fi ẹnu wá a

Ẹni tí kò mọ ibi tí kàtápọ́ọ̀tù ti ń bàjẹ́, "kò dáa" nìkan ni yóò mọ̀ ọ́n sọ.

Bẹ̀rẹ̀ láti ara pàlàkà. Ẹka gúáfà ni ọ̀pọ̀ wa fẹ́ràn, torí ó le, ó sì máa ń yà sí méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Igi ọsàn náà dáa. Omi inú igi ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí ẹka tútù bá ń gbẹ, ó ń sún kì, ẹnu ibi tí a ti gé e ló sì ń tètè gbẹ jù, ibẹ̀ ló fi ń là wọ inú. Ẹni tó bá fi àbẹ́là tó yọ́ tàbí ọ̀dà bo ẹnu gígé náà, tó gbé e sí òjìji fún oṣù mélòó kan, kì í sábà bá a pàdé. Ẹni tó bá sá a sórí páànù lóòrùn, tàbí tó gbẹ́ ẹ ní tútù tí ọyẹ́ wá dé bá a, yóò rí i.

Fi èékánná rẹ wọ́ ìdí ibi tí apá méjèèjì ti pínyà. Bí èékánná bá ń yọ̀ kọjá, ìlà ara igi lásán nìyẹn. Bó bá há, igi ti là, bó ti wù kí fáníìsì dán tó. Lẹ́yìn náà, fún apá méjèèjì pọ̀, kó o tún fà wọ́n jìnnà síra, kó o dẹtí sílẹ̀. Igi tó bá dún "kẹ́" ti sọ tẹnu ẹ̀.

Bó bá jẹ́ inú pákó ni wọ́n ti gé pàlàkà náà, wo bí ìlà ara pákó ṣe ń lọ. Ìlà tó bá bá gígùn apá lọ lágbára. Èyí tó bá dábùú apá, ibẹ̀ gan-an ni yóò ti kán. Pàlàkà tó hù lórí igi fúnra rẹ̀ kò ní ìṣòro yìí, nítorí ìlà ara rẹ̀ ti bá apá méjèèjì yà láti kékeré. Àwọn ọmọ tó ń ṣa àjákù pákó lẹ́yìn ìsọ̀ káfíńtà ni mo máa ń rí àṣìṣe yìí lọ́wọ́ wọn jù. Wọ́n á gé e kó rẹwà, wọ́n á fi sáńpépà fá a kó jọ̀lọ̀, apá kan rẹ̀ kò sì ní í kọjá ọ̀sẹ̀ kan. Bó o bá fẹ́ ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lóore, ọ̀rọ̀ ìlà pákó ni kó o bá a sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà.

Rọ́bà ló kàn. Mú awọ, ṣẹ́ ẹ po sí méjì, fà á síwájú díẹ̀. Bí rọ́bà kan bá ti nà tí èkejì ṣì dẹ̀, wọn ò dọ́gba. Wo etí rọ́bà lójú ìmọ́lẹ̀. Bó bá ní eyín bíi ti ayùn, sísọ́ọ̀sì tó kú ni wọ́n fi gé e, ibi eyín yẹn ni yóò sì ti ya. Bíléèdì tuntun ni kí wọ́n lò, pákó tó tẹ́jú lábẹ́, kí wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìdúró lójú ọ̀nà. Na rọ́bà náà díẹ̀, kó o wò ó bóyá ó ti ń sán wẹ́wẹ́. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ ní nínà. Ẹni tó bá ń pa ọjà rẹ̀ sórí tábìlì lóòrùn láti àárọ̀ dalẹ́, rọ́bà gbígbó ló ń tà.

Irú rọ́bà náà lọ́rọ̀ tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ tíúbù mọ́tò òde òní, bútáìlì ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Bútáìlì máa ń di afẹ́fẹ́ mú dáadáa, ohun tí mọ́tò sì fẹ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n bó o bá fà á tó o fi í sílẹ̀, ó máa ń lọ́ra padà. Rọ́bà tó ti ara oje igi rọ́bà wá ló máa ń yára. Gé ìwọ̀n ìka kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, na méjèèjì, fi wọ́n sílẹ̀, ojú rẹ yóò rí ìyàtọ̀. Torí náà, bí wọ́n bá ní iṣẹ́ rẹ kò lágbára, ó lè jẹ́ ohun tó o rà ni kò dáa, kì í ṣe ọwọ́ rẹ.

Awọ kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ahọ́n bàtà tó ti gbó dáa. Ihò rẹ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ etí jù, bó o bá sì ṣẹ́ ẹ po, kí etí méjèèjì pàdé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ta á, kó o sì yí i padà

Wọ gíláàsì tó bo ojú rẹ. Mi ò ṣàwàdà. So ìró tó ti gbó kọ́ sẹ́yìn agolo kó lè máa gba òkúta dúró, nítorí ògiri àti irin máa ń ta òkúta padà sí ẹni tó ta á. Rí i pé kò sí èèyàn, ewúrẹ́ tàbí fèrèsé onílé kankan lẹ́yìn ibẹ̀. Má sì fa rọ́bà tí kò ní òkúta nínú kó o wá fi í sílẹ̀. Awọ yóò ta padà, ìka rẹ tàbí ojú rẹ ni yóò sì bà.

Ṣa òkúta mẹ́wàá tó dọ́gba, tàbí kó o rọ amọ̀ róbótóróbótó kó o sá a gbẹ. Dúró ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí agolo. Ta márùn-ún, yí pàlàkà po, ta márùn-ún yòókù. Bí gbogbo rẹ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ kan náà kó o tó yí i àti lẹ́yìn tó o yí i, ẹni tó ń ta á ni. Bí ẹ̀gbẹ́ tó ń gbà bá yí padà pẹ̀lú pàlàkà, rọ́bà ni. Bó bá kàn ń fọ́n káàkiri, kọ́kọ́ wo òkúta rẹ àti ọwọ́ rẹ kó o tó dárúkọ oníṣẹ́.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé: ta ni wọ́n ṣe é fún? Rọ́bà tí wọ́n gé fún àgbàlagbà tó ní apá gígùn, ọmọ ọdún méjìlá kò lè fà á débi tó yẹ. Yóò fà á dé àyà, òkúta yóò bọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, yóò sì ní kò lágbára. Bí ẹni tó ga bá sì gba ti ọmọdé, yóò fà á títí yóò fi já, yóò ní wọn ò mọ̀ ọ́n dì. Béèrè kó o tó sọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bó o ṣe máa sọ ọ́

Mo ti ba ọmọ kan lọ́kàn jẹ́ rí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn.

Ọmọ náà kò tíì ju ọdún méjìlá lọ. Ó mú iṣẹ́ àkọ́ṣe rẹ̀ wá bá mi níbi tí èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi jókòó sí. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan, òkúta yà kúrò lọ́nà, mo ní, "Ta ló kọ́ ẹ ní ìranù yìí?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà gbà á padà, kò sọ nǹkan kan, ó rìn lọ sétí ọ̀sà, ó jù ú sómi. Kò wá mọ́. Ìgbà tí mo padà ronú sí i ni mo rántí pé mo rí i tí rọ́bà kan gùn ju èkejì lọ díẹ̀, kò ju ìbú ìka ọwọ́ kan lọ. Kéèyàn tú u, kó tún un dì, ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Mo mọ ibi tó ti wọ́, mo sì fi pamọ́ kí n lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ibi tí ọwọ́ rẹ bá kàn ni kó o sọ̀rọ̀ bá. Má sọ pé, "O ò mọ igi í yàn." Gbé ìka lé e: "Wo ibí yìí, níbi tí apá òsì ti yà. Èékánná mi há sí i. Fi tìrẹ náà wò ó." Jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ kàn án. Nígbà tó bá fọwọ́ kàn án, kì í ṣe ìwọ ló ń bá jiyàn mọ́. Lẹ́yìn náà, sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀: "Bí wọ́n bá fà á gan-an, ó lè kán mọ́ èèyàn lójú." Sọ ohun tí ìwọ ì bá ṣe, bó o bá mọ̀ ọ́n. Bó ò bá mọ̀ ọ́n, sọ bẹ́ẹ̀ náà.

Má ju nǹkan méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Bó o bá rí mẹ́jọ, mú èyí tó lè pa èèyàn lára àti èyí tó rọrùn jù láti tún ṣe. Ọmọ tó bá tún ọ̀kan ṣe tó rí i pé ó ṣiṣẹ́ yóò fúnra rẹ̀ padà wá béèrè ẹ̀kẹta.

Bó bá jẹ́ ohun tó léwu lo rí, gbogbo ìwà pẹ̀lẹ́ yẹn lè dúró ná. Bí ẹnì kan bá ti ń fa pàlàkà tó ti là, pariwo: "Dúró! Má fà á!" Ojú ẹnì kan tóbi ju ìtìjú ẹnì kan lọ. Lẹ́yìn tó bá ti gbé e sílẹ̀ lo máa wá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó o ṣàlàyé, kó o sì bẹ̀ ẹ́ pé o pariwo mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ ojú lásán, àwọ̀ tí wọ́n kùn ún, orúkọ tí wọ́n fi irin gbígbóná kọ sí ibi ìdìmú, ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ọn, tọ́jú ìyẹn títí wọ́n á fi bi ọ́. Èmi kò fẹ́ràn kí wọ́n so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ kàtápọ́ọ̀tù, ṣùgbọ́n kí ló kàn mí níbẹ̀?

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó jù ọ́ lọ ńkọ́? Ọmọdé lè rí i, àmọ́ bó ṣe máa gbé e kalẹ̀ ló kù. Má sọ pé, "Bọ̀dá, ẹ ò dì í dáadáa." Kí i, kúnlẹ̀ tàbí kó o dọ̀bálẹ̀ bó bá jẹ́ ẹni tó yẹ bẹ́ẹ̀, kó o wá fi ìbéèrè gbé e: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ibí yìí. Ṣé bó ṣe yẹ kí okùn yìí rí nìyí, àbí ó ti ń jẹ rọ́bà?" Àgbà tó mọ iṣẹ́ yóò rí ohun tó o rí. Àgbà tí kò bá sì fẹ́ rí i, o ti ṣe tìrẹ, má sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì níwájú oníbàárà rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bó o ṣe máa gbà á

Èyí ló ṣòro jù. Ẹni tó ń yẹ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń yọ̀ nígbà tí wọ́n bá sọ fún un.

Kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà sílẹ̀, tàbí kó o fà á lé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, wàá máa dì í mú bí ìyá ọmọ tí wọ́n ń bá ọmọ rẹ̀ wí. Jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Má dáhùn pẹ̀lú "ṣùgbọ́n." Ìbéèrè méjì péré ni kó o bi í: "Ibo gan-an?" àti "Kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi mọ̀?" Ẹni tó bá rí nǹkan yóò gbé ìka lé e. Ẹni tí kò rí nǹkan yóò tún sọ pé kò dáa ni. Kí onítọ̀hún má bínú, fún un ní òkúta, ní kó ta á níṣojú rẹ, kó o sì yí i padà fún un.

Kọ ọ́ sílẹ̀, nínú ìwé tàbí nínú fóònù, bó ṣe sọ ọ́, kì í ṣe bó ṣe dùn ọ́. Bó bá dilé, paarọ̀ nǹkan kan ṣoṣo, kó o tún ta mẹ́wàá. Bó o bá paarọ̀ rọ́bà, awọ àti okùn lẹ́ẹ̀kan náà, tó wá dáa, èwo lo máa sọ pé ó tún un ṣe? Bí ẹni mẹ́ta tí kò mọ ara wọn bá sọ nǹkan kan náà fún ọ, má tún bá ẹ̀kẹrin jiyàn.

Yẹ̀yẹ́ yàtọ̀ sí àríwísí. Ní ìlú tó ti pín sí Èkó-Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ láti ìgbà tí Ọba Kòsọ́kọ́ ti kó àwọn èèyàn rẹ̀ dé lẹ́yìn tí wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní 1851, a kì í wá ẹni tí yóò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ tì. Bí wọ́n bá ní pàlàkà rẹ jọ ẹsẹ̀ ewúrẹ́, bá wọn rẹ́rìn-ín, kó o tún yẹ ẹ́ wò lóru. Nígbà míì, ó jọ ọ́ lóòótọ́: apá kan tẹ̀ sóde ju èkejì lọ.

Àwọn àgbà kan yóò ní kì í ṣe bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Gbọ́ ọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, má jiyàn. Ṣùgbọ́n kó o mọ̀ nínú ọkàn rẹ pé kànnàkànnà tí wọ́n ń jù yípo lórí ló ti pẹ́ láyé. Tiwa yìí kò lè ṣáájú rọ́bà tó ń nà tó sì ń padà láìbàjẹ́, ọdún 1844 sì ni Charles Goodyear gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà lórí bí wọ́n ṣe ń fi ooru àti imí ọjọ́ se rọ́bà kó lè rí bẹ́ẹ̀.

Ní ti "ó ti wọ́n jù", ọ̀rọ̀ ọjà nìyẹn. Má tún kàtápọ́ọ̀tù ṣe nítorí rẹ̀.

Èmi náà ti gba àríwísí tí mo sì fi ẹnu dá a padà. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mo gbé pàlàkà gúáfà kan kọjá níwájú ìsọ̀ bàbá káfíńtà kan. Ó pè mí, ó gbà á, ó gbé e sẹ́rẹ̀kẹ́, ó ní, "Ọmọ, igi yìí tutù. Omi ṣì wà níkùn ẹ̀." Mo ní, "Bàbá, mo ti sá a lóòrùn fún ọjọ́ mẹ́rin." Ó wò mí, ó dá a padà fún mi, ó bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Oṣù ọyẹ́ ni. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo bá a lórí ìṣó tí mo fi í kọ́, ó ti là láti ìdí títí dé ibi ìdìmú, mo lè ki owó ẹyọ bọ inú ẹ̀.

Mo gé òmíràn. Mo fi àbẹ́là bo ẹnu ẹ̀, mo fi í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá mi láti ìgbà ọyẹ́ títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Mi ò kùn ún ní fáníìsì, torí mo fẹ́ kí bàbá náà rí ara igi. Mo gbé e lọ bá a, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ bá mi wò ó, sà." Ó gbé e sẹ́rẹ̀kẹ́ bíi ti àkọ́kọ́. Ó fi èékánná wọ́ ìdí apá méjèèjì, ó tún un wọ́. Kò há. Ó ní, "Ọmọ ọmọ mi ń dààmú mi pé ẹ̀gà ń jẹ àgbàdo wa tán lóko. Èló ni?"